Nọ́ńbà Ojú Dáṣíbọ́ọ̀dù Kò Mọ Gbogbo Ìtàn

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí náírà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ níwájú dọ́là ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ tí àwọn èèyàn fi ń mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti yí padà nílẹ̀ Yorùbá. Tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀, ẹni tó ni ín á tà á, á wá owó díẹ̀ lé e, á sì ra èyí tó sàn jù ú lọ. Ìyẹn ti di ìtàn fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n tún un ṣe lánàá, wọ́n á tún un ṣe lọ́la. Ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu wọn ní ọgbà mẹkáníìkì kì í ṣe "Ọkọ̀ wo ni kí n rà?" mọ́, bí kò ṣe "Ọdún mélòó ni èyí ṣì lè fi sìn mí?"

Ìbéèrè náà le ju bó ṣe rí lọ, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá a lóhùn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé gbára lé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ kékeré ṣe ń darúgbó, Ìbàdàn ni kó lọ. Bó bá dúró fún wákàtí kan ní Ọjọ́ọ̀, ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Agodi Gate, Nissan Micra tó máa kọjá níwájú rẹ̀ kò ní ṣeé kà tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni irú tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní K11, tó jáde ní ọdún 1992. Nígbà tó di ọdún 1993, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó peregedé jùlọ lọ́dún náà ní Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Japan àkọ́kọ́ tí irú oyè bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Sunderland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa ti wá, torí pé apá ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ tiwọn wà, láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 sì ni Nàìjíríà ti kúrò nínú wíwa ọkọ̀ ní apá òsì títì. Ọwọ́ àwọn ará Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn aládùúgbò wọn ni àwọn Micra wa ti kúrò. Kí ìjọba tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gúnlẹ̀, tí wọ́n á sì gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ wa.

Tòkunbọ̀ ni a sọ wọ́n. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó wá padà wálé ni, orúkọ ayọ̀ ni, ó sì ń gbóórùn ìlú òyìnbó. Ó yẹ kí èèyàn kíyè sí ọgbọ́n tó wà nínú orúkọ náà. Ó sọ ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ fún wa, kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀.

Nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ló yẹ kó sọ ìyẹn. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ara àwọn àgbá kéékèèké tí eyín ẹ̀rọ ń yí ni wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí. Ẹni tó bá tú dáṣíbọ́ọ̀dù lè fi ọwọ́ dá wọn padà sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ti àwọn ọkọ̀ tuntun, kì í sì í pẹ́ rárá. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lòdì sí ìwà yìí láti ọdún 1972. Jámánì sọ ọ́ di ọ̀ràn tó lè sọni sẹ́wọ̀n ní ọdún 2005. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 2006, ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ àlòkù gbọ́dọ̀ mú ìwé-ẹ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní Car-Pass lọ́wọ́, níbi tí wọ́n to iye kìlómítà ọkọ̀ náà sí láti ọdún dé ọdún. Bí ọkọ̀ bá ti wọ inú ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ ní Áfíríkà, ìwé-ẹ̀rí yẹn kì í bá a sọdá. Omi òkun ló máa ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù.

Olùkọ́ ìṣirò kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́, ó sì fi ra Micra kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996. Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni 98,412. Oníṣòwò tó tà á fún un fi ìka kan nọ́ńbà náà, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, kò tíì tó 100,000. Ọmọdé ṣì ni." Oṣù mẹ́ta kọjá kí mẹkáníìkì tó nu ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì rí bébà pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ aládùúgbò kan tó ti gbé Hamburg rí ló kà á fún un: ìrántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ni. Ọdún 2005 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú 141,000 kìlómítà.

Olùkọ́ ìṣirò kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá òun yọ ọ́. Ó kéré tán, 42,588 kìlómítà ti sọnù sójú ọ̀nà láàárín Jámánì àti Ìbàdàn, iye tó ju kí ọkọ̀ yí gbogbo ayé po lẹ́ẹ̀kan lọ. Kò padà lọ bá oníṣòwò jà; ọkọ̀ ti di tirẹ̀, gbèsè ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, èyí tó ní ojú ewé 60, ó fa ìlà mẹ́rin sí i, ó kọ ọjọ́, kìlómítà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti owó tó jáde. Orí ìlà àkọ́kọ́ ló kọ ọ́ sí pé: "Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀: 98,412. Nọ́ńbà òtítọ́: 141,000, ó kéré tán."

Ìwé yìí ló di nǹkan ńlá lẹ́yìn ọ̀la. Lọ́dún 2016, wáyà tó ń yí nọ́ńbà kìlómítà já. Oṣù méjì gbáko ni nọ́ńbà náà fi dúró sójú kan kí wọ́n tó rí wáyà tó bá a mu rà. Ìyá náà ka iye ọjọ́ tó lọ síbi iṣẹ́, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 36, torí pé kìlómítà 36 ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ láti Akọ̀bọ̀ lọ sí iléèwé, ó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òkú ṣíṣe kan ní Ìjẹ̀bú kún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀nba 10,000 kìlómítà ni ọkọ̀ náà ń rìn lọ́dún, ọdún 16 ló sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọdún 2024 wọlé. Bí a bá ro ó pọ̀ mọ́ ti Jámánì, ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ṣì jẹ́ ọmọdé lọ́jọ́sí ti rìn ju 300,000 lọ.

Kódà, bí ẹnikẹ́ni kò bá dá nọ́ńbà padà sẹ́yìn, ohun kan tún wà tí kò lè kà. Ọkọ̀ tó wọ inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ní Ìwó Road láago méje àárọ̀ lè lo wákàtí kan kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń gbóná, ọ́ìlì rẹ̀ ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni kìlómítà méjì péré ni dáṣíbọ́ọ̀dù á kọ sílẹ̀. 10,000 kìlómítà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Jámánì kì í ṣe ẹgbẹ́ 10,000 nínú eruku àti ooru wa. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi máa ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ kékeré tó ti dàgbà ní gbogbo 5,000 kìlómítà, bí ìwé tó bá ọkọ̀ wá tilẹ̀ sọ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún Micra K11, ọ̀rọ̀ náà tún lágbára sí i, nítorí pé ṣéènì irin ló ń darí òkè ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ dànù. Ṣéènì lè bá ẹ́ńjìnnì dọ́jọ́ ogbó, bí ọ́ìlì tó ń mu bá mọ́. Bí ọ́ìlì bá di ẹrẹ̀, ṣéènì á fẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta nínú agolo.

Ibi tí àríyànjiyàn ti pọ̀ jù láàárín ìyá yìí àti mẹkáníìkì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì. Ẹ̀yà kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó sì wà lójú ọ̀nà omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ti ilẹ̀kùn pa kó lè tètè móoru. Bí ooru bá ti wọ nǹkan bíi 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ṣílẹ̀kùn kí omi lè kọjá lọ sínú rédíétọ̀. Ní ọgbà mẹkáníìkì káàkiri ilẹ̀ wa, bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń yọ sọ nù nìyẹn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò," mẹkáníìkì sọ. "Àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀, torí òtútù. Oòrùn tiwa ti pọ̀ jù fún un."

"Ọ̀gá, ṣé àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí kò gbọ́ pé oòrùn wà láyé ni?"

"Wọ́n gbọ́ o, Màmá. Ṣùgbọ́n wọn ò wa ọkọ̀ dé Ọ̀jẹ́ rí."

Ẹ̀rín pa gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì náà kì í ṣe òpè. Ohun tó kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó jóná torí tẹ́mósítáàtì tó kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Àmọ́ ayédèrú ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń há, omi ẹ̀rọ lásán tí a ń bù sínú rédíétọ̀ sì ni ó ń jẹ àwọn yòókù. Omi lásán ń mú kí irin dípẹtà, ó sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ aluminiọ̀mù láti inú wá. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike fún rédíétọ̀ kì í ṣe fàájì. Òògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀, kì í sì í tètè hó. Bí wọ́n bá yọ tẹ́mósítáàtì, ẹ́ńjìnnì kì í móoru tó bó ṣe yẹ, á máa mu epo kọjá ààlà, ìyókù epo tí kò jó tán á máa dà sínú ọ́ìlì. Ní ìgbà tí lítà epo kò tó 200 náírà, ta ni yóò kíyè sí i? Nígbà tí owó lítà kan wá lé ní 600 ní oṣù Keje ọdún 2023, ọ̀pọ̀ onímọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn alágbàtà epo pé wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ, láìmọ̀ pé ihò tí tẹ́mósítáàtì fi sílẹ̀ wà lára ohun tó ń mu owó wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìyá náà ra tẹ́mósítáàtì tòótọ́, ó ra omi rédíétọ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ inú rẹ̀. Omi pupa bí ilẹ̀ amọ̀ ló ń jáde fún bí ìdajì wákàtí. Ọkọ̀ náà kò gbóná mọ́. Mẹkáníìkì kò sọ pé òun gbà, ṣùgbọ́n ó ti ń bi àwọn oníbàárà yòókù bóyá wọ́n fẹ́ "irú èyí tí Màmá Tíṣà ń lò."

Wọ́n máa ń fi ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Irv Gordon, ṣe àpẹẹrẹ bí ọ̀rọ̀ kìlómítà bá délẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lòun náà, ní Long Island, New York. Ó ra Volvo P1800 tuntun ní ọdún 1966, kò sì tà á títí ó fi kú ní ọdún 2018. Ní ọdún 2013, ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí pé mílíọ̀nù mẹ́ta máìlì. Kò sí oògùn níbẹ̀ ju pé ó ń ṣe ohun tí ìwé ọkọ̀ ní kó ṣe, lásìkò tó ní kó ṣe é. Ìtàn tó wúni lórí ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi na àwọn ará ilé wa lẹ́gba. Tuntun ni Gordon ra tirẹ̀, ó mọ ìtàn rẹ̀ láti máìlì àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ kò ní kòtò bíi tiwa, bó bá sì béèrè fún ẹ̀yà ọkọ̀, èyí tó béèrè fún ni wọ́n á gbé fún un.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Àràròmí ní Agodi Gate, orúkọ mẹ́ta ni ẹ̀yà ọkọ̀ kan ṣoṣo máa ń jẹ́: ojúlówó, ayédèrú, àti "Bẹ́ljíọ̀mù", ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lókè òkun. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ máa ń fẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù ju ayédèrú tuntun lọ, wọn ò sì jayò pa bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, jíà tàbí ilẹ̀kùn. Ó láwọn ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ní àlòkù. Táyà wà lára wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tí ọ̀pọ̀ kì í wò: bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Eyín rẹ̀ lè ga bí ti tuntun, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń kìlọ̀ pé kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra bí táyà bá ti pé ọdún mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ táyà tòkunbọ̀ ti kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó dé èbúté wa.

Bíréèkì náà wà lára wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ìyá náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, ọkọ̀ kún iwájú, àwọn tó ń tajà kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó kanlẹ̀. Ó já jíà sí ìkejì, lẹ́yìn náà sí ìkínní, ẹ́ńjìnnì figbe ta, ó fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi táyà ìwájú gún ògiri gọ́tà kó lè dúró. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọsàn wà níwájú ọkọ̀ náà, kò jìnnà ju apá méjì lọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ra ọsàn."

Ìyá náà ra gbogbo ọsàn inú àtẹ náà.

Nígbà tí wọ́n tú táyà, wọ́n rí i pé rọ́bà kan nínú bíréèkì ló fà ya tí omi bíréèkì fi tú jáde. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé kò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n fi í síbẹ̀. Tuntun ni wọ́n rà á, nínú páálí tó ń dán. Ayédèrú ni. Iye tó fi dín ní ti ojúlówó kò tó owó ọsàn ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, bó bá jẹ́ bíréèkì, ìdarí tàbí táyà, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ ra á. Ó sì ń pààrọ̀ omi bíréèkì ní ọdún méjì-méjì, torí pé omi náà máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá ti gbóná lórí òkè, á hó, ẹsẹ̀ á sì tún kanlẹ̀. Àwọn nǹkan mìíràn lè dúró de owó oṣù. Kùn tó ti ṣá, rédíò tó ti kú, gíláàsì ẹ̀yìn tí kì í sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ló ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ lódindi nígbà tí bíréèkì rẹ̀ ń kùn, ètè ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Manchester ti sọ fún un lórí fóònù pé kó ta ọkọ̀ náà, òun á fi owó ránṣẹ́ kó lè ra òmíràn. Ìyá náà fi ìwé rẹ̀ ṣe ìṣirò. Láàárín ọdún 2022 àti 2024, owó tó ń ná lórí àtúnṣe lọ́dún ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta, síbẹ̀ kò tíì tó ìdá mẹ́wàá owó tí wọ́n ń ta Corolla tòkunbọ̀ kan tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ gbogbo àrùn tó ń ṣe é. Kò sí ìdánilójú pé ọ̀nà yìí ló tọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò ní ìwé, tí kò ní mẹkáníìkì tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, tí kò sì ráyè lọ sí Àràròmí, ó lè sàn fún un kó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹnìkan wá láti rà á ní oṣù Kejì ọdún 2024. Awakọ̀ takisí ni, ó bọ̀wọ̀ fún un dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà bi í pé èrò mélòó ló fẹ́ máa gbé. Ó ní méjì níwájú pẹ̀lú òun, mẹ́rin lẹ́yìn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ kó wo abẹ́ ilẹ̀kùn òsì. Ìpẹtà ti jẹ irin ibẹ̀ débi tí ìka ń wọlé.

"Màmá, pánẹ́ẹ̀lì bítà á lẹ̀ ẹ́ pa ní 20,000. Á sì fi kùn bò ó."

"Mo mọ̀. Irin ibẹ̀ ló gbé ìjókòó àwọn èrò rẹ dúró."

Kò tà á fún un. Awakọ̀ náà kò bínú, ṣùgbọ́n ó sọ bó ṣe ń lọ pé òun á rí òmíràn rà ní Ọjọ́ọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fi abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ han òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé kẹta ni ìyá náà ń kọ báyìí. Lójú ewé ọ̀sẹ̀ tí awakọ̀ náà wá, ìlà méjì ló wà níbẹ̀: "258,770. Abẹ́ ilẹ̀kùn òsì: kí wọ́n gé irin tó ti jẹrà dànù, kí wọ́n fi irin tuntun jó o. Kí wọ́n má ṣe lẹ̀ ẹ́. Sátidé, láago mẹ́jọ. Màá dúró tì wọ́n."